Sáàmù tí a kà nínú ilé ọ̀fọ̀

Kò sí Kírísítẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ bí a ti ń fi Sáàmù gbàdúrà. A máa ń ka Sáàmù 35 nítorí ọ̀tá, a máa ń ka 91 fún ààbò, a sì máa ń ka 121 kí a tó rìnrìn àjò. Nínú àwọn ìjọ Aládùúrà, wọ́n tún máa ń kà á sínú omi fún aláìsàn. Inú àṣà yìí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì dúpẹ́ fún un, nítorí òun ló jẹ́ kí n há ọ̀pọ̀ Sáàmù sórí láti kékeré. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Sáàmù 88 rí.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin kú lórí ìkúnlẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ kankan bá Ọlọ́run sọ mọ́. Àwọn ará ìjọ wá bá wa kẹ́dùn, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n kọrin, wọ́n sì ń rọ̀ wá pé a kì í bi Ọlọ́run léèrè. Orí ẹní ni màmá mi jókòó sí, ó di ìborùn ọmọ rẹ̀ mú, ó ń ká etí rẹ̀, ó sì ń tú u, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìgbà tí èrò túká ni ìyá ìjọ kan ṣí Bíbélì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù 88 fún wa, ẹsẹ kan lẹ́yìn èkejì, láìyára. Nígbà tó parí, màmá mi ní, “Ẹ tún un kà.”

Ẹsẹ 18 ni Sáàmù náà ní. Àkọlé rẹ̀ sọ pé ti Hémánì ni. Ó pe Ọlọ́run ní Ọlọ́run ìgbàlà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn èyí ẹkún ni títí dé òpin, inú òkùnkùn ló sì parí sí. Kò dà bí Sáàmù 13, tó bi Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹrin pé yóò ti pẹ́ tó, ṣùgbọ́n tó fi orin kádìí. Síbẹ̀, Hémánì kò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. Ọlọ́run tó ń bi léèrè náà ló ń ké pè tọ̀sántòru. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹkún tí a bá sun síwájú Ọlọ́run, àdúrà ni. Jésù pàápàá, lórí àgbélébùú, ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 22 ló wà lẹ́nu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Mátíù orí 27 ti sọ.

Mo gba ìtàn wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbọ́, ẹni tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run ní 1928 nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì. Ní tèmi, n kò gbọ́ ohùn, n kò sì rí ìran. Ohun tí mo rí gbà ni pé mo lè sọ òótọ́ inú mi fún Ọlọ́run, kí n má sì bẹ̀rù pé yóò lé mi, ìdánilójú yẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, ẹ ka Sáàmù 88 sókè, ní èdè tí ẹ fi ń sunkún, kí ẹ sì dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti mú yín lọ́kàn. Bí ẹnu yín kò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ wá kẹ́dùn, ẹ má kánjú darí ọlọ́fọ̀ sí ìdúpẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí màmá mi tó ní kí a ka Sáàmù 103, tí í ṣe Sáàmù ìdúpẹ́, fún òun, a kò sì fi ipá mú un.