Iwájú Orí Mi Lẹ Máa Lẹ Owó Mọ́, Kì í Ṣe Inú Píánò

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣe àríyá l'Ékòó: èwo ni ti kí wọ́n ṣí ọmọrí píánò sílẹ̀ gbayawu níbi tí wọ́n ti ń náwó? Èmi náà ni mo ní kí wọ́n ṣí i o. Mo ní kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Ohùn jáde lóòótọ́. Gbogbo Sùúrùlérè gbọ́.

Àádọ́rin ọdún Màmá kan là ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ bí orí mi ṣe máa ń wú tí mo bá rí píánò gidi, lẹ́yìn gbogbo kíbọ́ọ̀dù oníná tí mo fi ń jẹun. Èyí tí mo bá nílé Màmá kì í ṣe irú tó nàró sára ògiri. Irú tí okùn rẹ̀ sùn gbalaja ni, tí irin ńlá kan tó ní ihò káàkiri sì gbé gbogbo okùn náà dání. Ẹ fi ihò yẹn sọ́kàn.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò kí àlejò tó dé. Ọ̀rinrin Èkó ti ṣiṣẹ́ sí i lára: kíì mẹ́ta láàárín, tó o bá tẹ̀ wọ́n, wọn ò ní padà sókè mọ́. Aṣọ wúlì pupa kékeré ló máa ń fa èyí, èyí tó wà níbi tí ìṣó ti wọnú igi kíì. Tó bá ti mu omi inú afẹ́fẹ́, á wú, á fún ìṣó náà pinpin. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ yẹn kó lè fẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi epo sí i o. Aṣọ á mu ún, igi á mu ún, ọ̀rọ̀ á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀mú kò sí lọ́wọ́ mi. Mo ní kò burú, orin tí mo fẹ́ ta, ìsàlẹ̀, ìyẹn apá òsì tí ohùn ti wúwo, ló pọ̀ sí.

"Niger Mambo" ni. Bobby Benson tiwa ló ni orin, ṣùgbọ́n Randy Weston, atapíánò jáàsì ará Brooklyn ní Amẹ́ríkà, ni mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo fi ya wèrè. Weston wá s'Ékòó ní 1961, ó tún wá ní 1963, ọdún yẹn náà ló sì fi orin Benson sínú àwo Highlife tó ṣe. Ọkùnrin náà ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ náà sì gùn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí okùn ti nípọn, tí wọ́n ti fi bàbà wé wọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ ta á bíi tirẹ̀, kí àtàńpàkò àti ọmọńdinrín rẹ̀ na kíì funfun mẹ́wàá já. Tèmi ń na mẹ́jọ. Tí mo bá gbààwẹ̀, mẹ́sàn-án.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ geerege. Ni Bàbá kan bá gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó ń bọ̀. Owó àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Èkejì bá òógùn pàdé, ó yọ̀, ó fo pátákó tí à ń gbé ìwé orin lé, ó balẹ̀ sórí okùn. Ohun tí mo gbọ́ dà bíi pé eṣinṣin há sínú agolo mílíìkì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí mo ti ronú sí i ju bó ṣe yẹ ọmọlúwàbí lọ. Bébà ni ₦1,000. Tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, á rọ̀. Tó bá bọ́ sórí okùn, á kàn sùn síbẹ̀, ohùn á fi díẹ̀ wúwo. ₦50 ò rí bẹ́ẹ̀. Owó ọlọ́ràá ni, ó fúyẹ́, ó le, etí rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí okùn bá ṣe ń gbọ̀n ni yóò máa gbá a, gbá a, gbá a. Okùn ìsàlẹ̀ ló sì ń gbọ̀n jù. Nítorí náà, tí olówó bá ná ọ, ohùn rẹ á rọlẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí ahun bá ná ọ, àdúgbò á mọ̀. Mo fi etí ka ahun tó wà nínú ilé yẹn tán.

(Òfin CBN ti 2007 ní ẹni tó bá ń náwó báyìí lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò dárúkọ píánò. Ó yẹ kó dárúkọ rẹ̀.)

Mo wá fi òmùgọ̀ lé e, mo tẹ pẹ́dálì ọ̀tún. Gbogbo dáńpà tó ń pa okùn lẹ́nu mọ́ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, owó sì yọ́ wọ abẹ́ wọn. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, wọn ò lè balẹ̀ dáadáa mọ́. Kíì tí mo ti fi sílẹ̀ tipẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

Mo tu ara mi nínú. Ṣebí John Cage, akọrin-sílẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ki bóòtù irin àti rọ́bà bọ àárín okùn píánò nínú àwọn ọdún 1940, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní Vienna àtijọ́, pẹ́dálì kan wà lára àwọn píánò míì tó ń tẹ bébà mọ́ okùn ìsàlẹ̀ kó lè máa hó. Keith Jarrett, atapíánò jáàsì, náà bá píánò jákujàku pàdé ní Cologne, ní Jámánì, ní 1975, ó yẹra fún ibi tí kò dára lára rẹ̀, àwo tó jáde níbẹ̀ sì tà ní mílíọ̀nù. Mo ní èmi náà á ṣe bíi Jarrett. Mo sá kúrò nísàlẹ̀, mo bọ́ sáàárín. Àárín ni kíì mẹ́ta yẹn wà. Mo gun òkè pátápátá. Ọmọdé kan bá sáré síta lọ wo ẹni tó ń ta áísìkiriìmù.

Ká sòótọ́, mi ò bá àwọn ahun jà. Onígángan ni mo ń bá jà. Ta ló pè é? Ó kàn dúró ti èjìká mi, ó ń ki Màmá, àwọn ₦1,000 sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó kàn fún gángan mọ́ abíyá ni, ohùn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Píánò ò lè yọ́. Ohun tí à ń ṣe ni pé ká fi ìka kan náà já bọ́ láti kíì dúdú sórí funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí etí lè gbà pé ó yọ́. Mo fi ki Màmá. Màmá ń wo fóònù. Onígángan wá fi ìlù sọ nǹkan kan sí mi, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ariwo ₦50 ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó sọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ fún mi títí di òní.

Nígbà tí àríyá tán, owó ti gba ihò irin kọjá, ó ti sùn sórí pátákó abẹ́ okùn, níbi tí ọwọ́ ò lè dé. Atúnpíánòṣe ló wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n ń ki bọ abẹ́ okùn láti fi nu eruku. Ó fà á, fà á: ₦1,350, igi ìtayín méjì, àti ìwé ìpè àríyá tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Mo ní kí wọ́n fi owó náà ṣe sàráà. Ọmọ Màmá ní rárá o, iwájú orí mi ni wọ́n dìídì ná an sí, tèmi ni, kí n wá gbà á. Kí n mú ₦25,000 atúnpíánòṣe dání bí mo bá ń bọ̀.