Fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní Pyrgi

Birikilà ni bàbá mi, nítorí náà èmi kì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá láìwo ògiri rẹ̀. Nígbà tí mo dé Pyrgi, ìlú kékeré kan ní gúúsù erékùṣù Chios ní ilẹ̀ Gíríìsì, àárín títì ni mo dúró sí. Ilé gbogbo ló ní ọnà lára: onígun mẹ́ta, òbírí, àbọ̀ òṣùpá, ìlà kan lórí ìkejì títí dé abẹ́ bákónì. Tòmátì wẹ́wẹ́ tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ ń fì níwájú àwọn ọnà náà. Èmi tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta, tí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, kò jìnnà sílé wa, àdìrẹ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo rò pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún.

Kì í ṣe ọ̀dà rárá. Xysta ni wọ́n ń pè é, ohun tí a ha ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bá bàbá kan lórí àkàbà. "Ẹ kú iṣẹ́" ló wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n "Kaliméra" nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń po yanrìn nísàlẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń bá wa túmọ̀.

Wọ́n á po yanrìn dúdú mọ́ ẹfun òkúta tí wọ́n ti sun níná, wọ́n á fi rẹ́ ògiri. Kí ó tó gbẹ, wọ́n á fi ẹfun funfun nìkan bò ó. Wọ́n á fi rúlà àti kọ́ńpáàsì fa ìlà sí i, ó wá ku fọ́ọ̀kì, irú èyí tí a fi ń jẹun gan-an. Ibi tí fọ́ọ̀kì bá ha, dúdú abẹ́ rẹ̀ á yọ.

Àsìkò ló le jù níbẹ̀. Bàbá náà fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó mirí, ó sì dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kẹta ló tó mú fọ́ọ̀kì: ṣà, ṣà, ṣà. Ẹfun tútù ń já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Kò yára, bẹ́ẹ̀ ni kò sinmi, torí bí ògiri bá gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, a jẹ́ pé ó di kó tún un rẹ́ nìyẹn.

Mo dé Mesta náà, ìlú kékeré mìíràn ní gúúsù Chios. Òkúta lásán ni tibẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀. Àwọn ará Genoa, ìlú kan ní Ítálì, tó jọba lórí Chios láti 1346 títí di 1566 fẹ́ràn oje igi mastic tó ń mówó wọlé fún wọn, àwọn olè orí òkun náà sì ń wá. Wọ́n bá mú ilé lẹ̀ mọ́ ilé. Ẹ̀yìn àwọn ilé tó wà létí ìlú ló di odi ìlú, kò sí fèrèsé níbẹ̀. Bí ọ̀tá bá wọlé, orí òrùlé làwọn èèyàn yóò gbà sá dé ilé ìṣọ́ àárín ìlú. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Taxiarchis wà báyìí. Ọ̀nà inú ìlú náà tóóró, ó ṣókùnkùn, òkúta tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun sì so ilé ọ̀tún mọ́ tòsì kí ìmìtìtì ilẹ̀ má baà wó wọn. Mo sọnù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá kan ló fà mí lọ́wọ́ jáde, kò sì sọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí mo padà sí Pyrgi, mo fi fọ́tò ògiri náà ránṣẹ́ sí bàbá mi. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Wọn ò tíì sọ nǹkan kan nípa ọnà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n jọ yanrìn yẹn kí wọ́n tó pò ó?"

Mo ní kí wọ́n dúró, mo ń lọ bi bàbá orí àkàbà.