Èèpo ọsàn tí a máa ń dà nù yẹn gan-an ni kéèkì fẹ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yan kéèkì ọlọ́sàn yìí kó tó jọ nǹkan o. Ti àkọ́kọ́, èmi rò pé omi ọsàn ni gbogbo ẹ̀, mo fún odindi ọsàn mẹ́fà sí i, ó wá rí pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ò jinná, ẹ tọ́ ọ wò, ṣúgà lásán, ọsàn dà, kò sí. Ẹnì kan wá ní èèpo ni kí n rin sí i. Mo bá gbé páànù oníhò tí màámi fi ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń rin ìka èèyàn mọ́ ewùrà, ó sì rin èèpo òkè, ó rin funfun abẹ́ ẹ̀ náà mọ́ ọn. Funfun yẹn ló korò. Màámi jẹ díẹ̀, wọ́n ní ṣé àgbo ibà ni mo yan ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo dé Òkè Àje nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, mo dúró síwájú màmá ọlọ́sàn kan tó ń bó ọsàn fún ọmọ kan. Ọ̀bẹ wọn ò tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, ọsàn ló ń yí lọ́wọ́ wọn, èèpo tútù yẹn sì ń jáde gbọọrọ bí okùn, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ọsàn kù ní funfun báláú. Àní láti kékeré ni mo ti ń mu ọsàn! Mo ní màmá ọlọ́sàn, ẹ bá mi bó mẹ́rin, àmọ́ èèpo ni mo fẹ́ gan-an. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé ẹ̀fọn pọ̀ nílé yín tó báyẹn ni.

Mo ti fi omi iyọ̀ fọ ọsàn náà kí wọ́n tó bó o ṣá. Nígbà tí mo délé mo gé èèpo yẹn wẹ́wẹ́, mo dà á sínú ṣúgà 200 gíráàmù, mo ń fọwọ́ ra á títí ṣúgà fi tutù, gbogbo kíṣìnnì ń ta sánsán. Òróró inú èèpo nìyẹn, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fún síra wọn lójú. Mo wá po bọ́tà 250 gíráàmù mọ́ ọn, ẹyin mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, fúláwà 250, bẹ́kìn páúdà ṣíbí kékeré méjì, omi ọsàn kan péré, tó bá ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ já ẹ má bẹ̀rù, fúláwà á kó o jọ. (Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ará YouTube sọ fún yín pé ọsàn wa ò pọ́n torí pé àwọ̀ ewé ló ní o, òru ibí ni ò mú òtútù tó, òtútù ló ń sọ èèpo di pupa.)

Mi ò ní ófùnù, ìkòkò ńlá ni, iyanrìn nísàlẹ̀, mo fi iná mú un gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé páànù kéèkì sí i, mo dé e, iná wẹ́rẹ́, bí ìṣẹ́jú 50, mo fi igi ìgbálẹ̀ tó mọ́ gún un, ó jáde láìlẹ̀.

Màámi jẹ tiwọn tán, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn na àwo padà sí mi. Àmọ́ páànù ewùrà wọn, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, torí ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè ṣì ń rùn ọsàn.