Ibi tí Ìlà ń Lọ

Ọjọ́rú, Ọ̀yọ́

Ọjà Akẹ̀sán ni mo kọ́kọ́ yà sí lónìí láti ya fótò, nítorí àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn iná tó jó ọjà náà lóṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, wọ́n tún un kọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù sì tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ. Láàárọ̀, kí àwọn ọlọ́jà tó kó ẹrù jáde, ẹni tó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀bù méjì yóò rí etí òrùlé lápá ọ̀tún àti lápá òsì, yóò rí ẹsẹ̀ ògiri nísàlẹ̀, tí gbogbo wọn ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń jìnnà, àfi bíi pé wọ́n ti ṣàdéhùn láti pàdé níwájú. Ojú ẹni tó bá wo fótò ibẹ̀ kì í dúró. Ó ń bá àwọn ìlà yẹn lọ ni. Ohun tó máa ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, kí ló wà níbi tí wọ́n ń mú un lọ? Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, a ti mú àlejò rin ọ̀nà jíjìn, a ò sì fún un ní ìjókòó.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ilẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ṣe wálẹ̀ tó ni ìlà tó wà lórí ilẹ̀ ṣe máa ń ya gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ níwájú tó, tó sì máa ń sáré lọ sẹ́yìn. Mo wá ń dúró de ẹni tó máa bọ́ sí ìparí. Alábàárù kan kọjá, ẹrù bò ó mọ́lẹ̀, n ò rí ojú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá àgbàlagbà kan tó jáde tòun ti ìgbálẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo nǹkan tó yí i ká ló tọ́ gbọọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló tẹ̀. Mo yà á. Mo lọ kí i, mo fi hàn án, mo tọrọ àṣẹ. Ó ní, "O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n wé gèlè, ọmọ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa mú un lọ.

Ní ìsọ̀ onídìrí, mo kí wọn: "Ojú gbooro o!" Wọ́n dáhùn: "Òòyà á yà o, bọ̀dá onífótò." Ṣùkú ni Màmá onídìrí ń dì fún ọmọdébìnrin kan tó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Mo sún mọ́ wọn dáadáa. Wọ́n fi ìlàrun la irun láti ẹ̀bátí lọ sókè, awọ orí ọmọ náà yọ, ó ń dán fún òróró, wọ́n sì fi ìka méjì tẹ irun apá kejì mọ́lẹ̀ kó má baà dà wọ inú ojú tí wọ́n là. Wọn kì í wo ibi tí ọwọ́ wọn wà. Àtàrí ni wọ́n ń wò, níbi tí gbogbo rẹ̀ máa kó jọ sí.

Irun wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ayàwòrán. Bí mo bá fẹ́ ya ṣùkú, òkè tàbí ẹ̀yìn ni mo ń dúró sí, nítorí àtàrí ni gbogbo ojú ọ̀nà rẹ̀ ń lọ. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń ti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú, nítorí náà iwájú ni mo ń dúró sí, kí irun fúnra rẹ̀ mú ojú èèyàn wá bá ojú ọmọ náà. Kòlẹ́sẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ló yẹ ẹ́. Ti pàtẹ́wọ́, ìlà àárín níbi tí ọ̀tún ti pàdé òsì ni àwòrán rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bó bá dagun díẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa dà bíi pé onídìrí ò mọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ayàwòrán ni kò dúró dáadáa.

J. D. 'Okhai Ojeikere, onífótò ọmọ Nàìjíríà, mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i, níbi tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa níbí, ló ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò láàárín ọdún 1950 sí 1960. Láti ọdún 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní fótò dúdú àti funfun, kò sì dẹ́kun títí ó fi dàgbà. Ó kú ní 2014. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn orí ló ń yà. Kò fi ẹ̀rín ẹnikẹ́ni ràn wá lọ́wọ́, kò fi aṣọ ràn wá lọ́wọ́: ìlà irun, bìrìkìtì orí, àti ọrùn tó gbé e ró nìkan. N kì í wo iṣẹ́ ọkùnrin yìí kí orí mi má wú. Henri Cartier-Bresson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́ iṣẹ́ fífi ọ̀dà ya àwòrán lọ́dọ̀ André Lhote kó tó di onífótò. Ẹ wo fótò tó yà ní Hyères lọ́dún 1932, níbi tí àtẹ̀gùn ti yí wálẹ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ kan sì ń kọjá nísàlẹ̀, ẹ ó rí i pé òun náà mọ ibi tí ìlà ń lọ.

Ọ̀sán ni mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá tó ń fín igbá. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n tètè dìde, pé èérún igbá kún ilẹ̀. Igbá wà láàárín orúnkún wọn. Ọwọ́ òsì ń yí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Wọ́n fín òbìrí kan nítòsí ẹnu igbá, wọ́n fín òmíràn sínú rẹ̀, wọ́n wá ń fi onígun mẹ́ta kún àárín méjèèjì: wọ́n fi ọ̀bẹ ha inú ọ̀kan tínńtín, èyí tó tẹ̀lé e dán.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, báwo ni èyí tó kẹ́yìn ṣe máa ń bá èyí àkọ́kọ́ dọ́gba?"

Wọ́n ní, "Mo ti fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n kí n tó mú ọ̀bẹ. Bí èyí tó kẹ́yìn bá fún, òun ni gbogbo ayé máa rí."

Láti ẹ̀gbẹ́, ẹnu igbá máa ń gùn bọrọgidi nínú fótò, kì í ṣe róbótó mọ́. Mo gun àpótí kí n lè yà á láti òkè ṣánṣán. Igbá wà láàárín, apá Bàbá méjèèjì sì ti igun méjì ìsàlẹ̀ dagun wọlé wá bá a. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà díẹ̀, nítorí àbàjà tó wà lẹ́ẹ̀kẹ́ wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú wá, ilà ojú á parẹ́ pátápátá. Bó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ojú ilà kọ̀ọ̀kan á mú òjìji tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka kíkọ ilà fún ọmọdé léèwọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kọ ọ́ láti kékeré, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n dáadáa nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó ti tan ìlà mẹ́rin tó ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án, ìyẹn dára, kì í jẹ́ kí ilé wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló yà lẹ́bàá títì, aṣọ dára, ìmọ́lẹ̀ dára. Àmọ́ òpó iná hù jáde láti àtàrí ọmọkùnrin náà, wáyà mẹ́ta sì gbéra láti orí òpó, wọ́n gba ojú ọ̀run kọjá, wọ́n bá apá òsì jáde. Mo ní kó sọ ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ fún mi.

Ó wò ó títí. "Wáyà ni, ọ̀gá."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ó bá wáyà jáde ni, sà."

Mo ní kó padà síbẹ̀ lọ́la, kó sún sápá ọ̀tún títí òpó á fi kúrò lẹ́yìn ọmọ náà, kó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ojú títì lè gbé wa dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lọ̀rẹ́ òun máa ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kó lọ ní méje.