Ahọ́n tó bó kì í dájọ́: bí mo ṣe fi bọ́gà wé bọ́gà ní Minneapolis

Minneapolis ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, níbi tí yìnyín ti lè bá ènìyàn ṣeré títí oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀ níbí, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹ Jucy Lucy. Bọ́gà ni, ṣùgbọ́n ṣíìsì rẹ̀ kì í wà lórí ẹran, inú ẹran ló ń wà. Wọ́n á tẹ ẹran lílọ̀ méjì pẹrẹsẹ, wọ́n á ki ṣíìsì sáàárín, wọ́n á wá tẹ etí rẹ̀ pọ̀ yíká bí ẹni ń tẹ etí mítípáì, kí wọ́n tó gbé e lé irin gbígbóná. Bí ẹran ṣe ń jinná ni ṣíìsì ń di omi nínú rẹ̀.

Ilé oúnjẹ méjì ló ń jà sí i, orí títì kan náà ni wọ́n sì wà, Cedar Avenue. Matt's Bar wà níbi tí òpópónà 35 ti pàdé rẹ̀, 5-8 Club wà níbi tí òpópónà 58 ti pàdé rẹ̀, bíi máìlì mẹ́ta síra wọn. Ìtàn ti Matt's ni pé ní ọdún 1954, oníbàárà kan ní kí wọ́n bá òun fi ṣíìsì sáàárín ẹran méjì. Ó gé e jẹ, omi rẹ̀ tú jáde, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ bọ́ ló di orúkọ. Wọ́n kọ Juicy láìsí lẹ́tà "i", wọn ò sì tún un ṣe títí dòní. Àwọn 5-8 Club ní àwọn ló ni ín. Ilé tiwọn ti wà láti 1928, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí, tí àwọn ènìyàn ń yọ́ mu ún níbẹ̀. Tiwọn ní "i" nínú, lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn. Ní tèmi o, ẹjọ́ yẹn fúnra rẹ̀ dùn ju ìdajì àwọn bọ́gà ìlú yìí lọ.

Níbi iṣẹ́ mi, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ariyànjiyàn yìí kì í tán. Mo bá ní èmi náà á lọ wò ó, màá sì dá a. Gbogbo àṣìṣe tí ènìyàn lè ṣe ni mo ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo jáde níṣẹ́ alẹ́ ní aago méje, tíì nìkan ló sì wọ ikùn mi láti òru. Mo sùn sínú ọkọ̀ títí Matt's fi ṣílẹ̀kùn. Ilé ọtí kékeré ni, kò ṣe àṣehàn kankan. Irin tí wọ́n fi ń dín ẹran kò tóbi, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n sì ti ń dín in. Obama jẹun níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, nígbà tó ṣì wà lórí àlééfà. Owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà nígbà tí mo lọ, káàdì ni mo sì mú dání, nítorí náà mo tún jáde lọ wá owó pẹ̀lú ebi.

Obìnrin tó gbé bọ́gà fún mi ní kí n ní sùúrù, pé inú bọ́gà náà gbóná gan-an. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n fi àmàlà ojú iná tọ́ dàgbà n'Íbàdàn? Mo gé e jẹ. Ṣíìsì yẹn tú sórí ahọ́n mi bí ọ̀dà gbígbóná, ó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, kò ṣeé tu, kò ṣeé gbé mì. Omijé ń dà lójú mi. Nígbà tí mo fi mu omi tán, awọ òkè ẹnu mi ti ká bí èèpo tòmátì tí wọ́n bọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rò ó. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń bá àmàlà pàdé. Bó bá gbóná jù, ọwọ́ á ti kìlọ̀ fún ẹnu. Búrẹ́dì ni ọwọ́ ń dì mú nínú bọ́gà, búrẹ́dì sì ti tutù. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnu.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n lọ sílé. Rárá o, mo wakọ̀ kọjá adágún Nokomis, ó di 5-8 Club, pẹ̀lú ikùn tó ti yó àti ẹnu tó ti bó. Mo jẹ tiwọn, kò dùn mọ́ mi. Mo bá kọ ọ́ sórí WhatsApp àwa ará ibi iṣẹ́ pé Matt's ti borí, ẹjọ́ ti tán.

Àǹtí kan ará Ìjẹ̀bú tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló dá mi lóhùn nígbà tí a pàdé lẹ́nu iṣẹ́.

"Àbúrò, ẹnu wo lo fi tọ́ ìkejì wò?"

"Ẹnu mi náà ni, mà."

"Èyí tó bó yẹn? Tí o sì ti yó? O wá ń dájọ́ kiri."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ebi ló dá ẹjọ́ Matt's, ọgbẹ́ ẹnu ló dá ti 5-8.

Mo tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀, ilé ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti sùn tí mo sì ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú tiyín, ohun kan náà ni kí ẹ béèrè níbi gbogbo, kó sì jẹ́ èyí tí kò ní àfikún kankan. Ọjọ́ tí mo fi èyí tó ní ata ní ibì kan wé èyí tí kò ní in níbòmíràn, ata ni mo fi wé àìsí ata. Ẹ fi ketchup sílẹ̀ títí ẹ ó fi jẹ ìdajì. Ti Lucy ní pàtàkì, ẹ fi ìtayín lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ooru jáde, ẹ ka ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ kọ́kọ́ gé etí ẹran tí ṣíìsì kò dé. Etí yẹn ló ń sọ ẹni tó mọ ẹran dín. Ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Mo gbé ọ̀kan relé nínú páálí rí, kò tó ogún ìṣẹ́jú, búrẹ́dì rẹ̀ ti rọ̀ bí èyí tí wọ́n tẹ̀ bọ ẹ̀wà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ nínú ẹran òyìnbó, wọ́n máa ń dín in jinná dáadáa.

Lẹ́ẹ̀kejì, 5-8 Club dùn, ojú tì mí. Ẹran wọn nípọn, ènìyàn sì lè yan ṣíìsì: Swiss, pepper jack, èyí tó bá wù ú. Síbẹ̀ Matt's ni mo ṣì mú, nítorí etí ẹran wọn tó gbẹ díẹ̀ tó sì pọ́n, àti àlùbọ́sà díndín tí wọ́n kó lé e. Blue Door Pub tó wà ní St. Paul ní tirẹ̀ ń fi blue cheese àti ááyù sí i. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi kan ní ó ń rùn. Mo ní ẹni tó jẹ irú dàgbà kò gbọdọ̀ di imú sí nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo dán an wò nílé pẹ̀lú. Mo ra ṣíìsì kan tó jọ wàrà wa ní ọjà àwọn ará Mexico ní Lake Street, mo sé e sínú ẹran. Ó dúró síbẹ̀ gbọn-in bí òkúta. Ó yẹ kí n ti mọ̀: wàrà tí à ń dín nínú òróró gbígbóná tí kì í yọ́, báwo ni irú rẹ̀ á ṣe yọ́ nínú ẹran? Ṣíìsì tí wọ́n ń pè ní American cheese ní iyọ̀ kan tó ń mú ọ̀rá àti omi rẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ geere láìya òróró sọ́tọ̀. Nígbà tí mo lò ó, ó yọ́, ṣùgbọ́n mi ò tẹ etí ẹran dáadáa, gbogbo rẹ̀ bá ṣàn sínú páànù.

Lóṣù tó kọjá, àǹtí ní kí n mú òun lọ wo nǹkan tó bó mi lẹ́nu. Mo mú wọn lọ sí Matt's. Wọ́n ti di ata gígún sínú ọ̀rá wá láti ilé. Bọ́gà dé, obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ rẹ̀. Àǹtí kò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ṣí búrẹ́dì òkè kúrò, wọ́n fẹ̀yìn ìka kan ẹran náà, wọ́n fà á padà kíá.

"Kò tíì yá," ni wọ́n wí. Wọ́n káwọ́ pọ̀, wọ́n ń wo yìnyín lójú fèrèsé.