Ọmọ Ṣáínà ní Òkè Wúrà Tuntun

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa ọmọ Ṣáínà ní ayé ìwakùsà wúrà ní Ọsirélíà, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Òkè Wúrà Tuntun, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọmọ náà ṣe débẹ̀. Nínú ìkànìyàn 1861 ní Victoria, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà, àwọn ará Ṣáínà lé ní 24,000. Obìnrin inú wọn kò pé mẹ́wàá. Ìyàwó wà nílé lọ́dọ̀ òbí ọkọ, ní abúlé wọn ní Guangdong, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Ṣáínà. Nítorí náà, tọkọtaya tó kó ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀ ojú omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ọmọ tí obìnrin Ireland bí fún awakùsà Ṣáínà náà ṣeé gbà gbọ́, tirẹ̀ ló sì wù mí jù, torí ìlú méjì ló ń jà sí i lára nínú àgọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ wọn ló yá owó ọkọ̀ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn san. Kì í ṣe ìwọ̀fà gan-an, ṣùgbọ́n ọrùn ẹbí ni gbèsè náà ń já sí bí ẹni tó lọ bá kú. Ní 1855, ìjọba Victoria tún gbé owó orí £10 lé gbogbo ọmọ Ṣáínà tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní etíkun wọn. Ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ bá ń já èrò sí Robe, ní South Australia, níbi tí kò tíì sí owó orí. Wọ́n lé ní 16,000 tó gba ibẹ̀ wọlé.

Láti Robe dé Ballarat, ìlú ìwakùsà wúrà ní Victoria, ju 400 kìlómítà lọ, ẹsẹ̀ sì ni, tòun ti agbọ̀n méjì lórí ọ̀pá èjìká. Ẹni tó ń rin 20 kìlómítà lóòjọ́ á lo ogún ọjọ́. Ọmọdé kò lè ṣe é lójoojúmọ́, ẹ fi ọjọ́ kún un. Lójú ọ̀nà yìí ni ọ̀wọ́ kan ti rí wúrà ní 1857, níbi tó di ìlú Ararat.

Iṣẹ́ náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ń fò. Àpótí tí wọ́n fi ń sẹ́ wúrà ṣeé mì bí ibùsùn ọmọ ọwọ́. Páànù oníhò wà lókè; nísàlẹ̀, wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbú. Ẹnì kan á da erùpẹ̀ sí i, ẹnì kan á da omi, wọ́n á máa mì í. Òkúta á dúró lórí páànù, yanrìn á bá omi lọ, wúrà á rì bí ògì sẹ́yìn igi wọ̀nyẹn, torí ó fi bí ìlọ́po méje wúwo ju yanrìn lọ. Bí omi bá pọ̀ jù, wúrà wẹ́wẹ́ á ṣàn dànù. Amọ̀ ló burú jù: ìṣù rẹ̀ á yí lọ, á gbé wúrà lẹ̀ mọ́ ara jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì po erùpẹ̀ mọ́ omi nínú àgbá títí á fi tú. Erùpẹ̀ tí àwọn mìíràn ti sẹ́ dànù ni àwọn ará Ṣáínà sábà ń tún sẹ́, wọ́n sì ń rí wúrà níbẹ̀. Dída omi ni kí ẹ fún ọmọ náà ṣe.

Inú sì ń bí àwọn tó sẹ́ ẹ dànù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1857, lẹ́bàá odò Buckland ní Victoria, àwọn awakùsà aláwọ̀ funfun lé àwọn ará Ṣáínà kúrò, wọ́n jó àgọ́ wọn àti ilé òrìṣà tuntun tí wọ́n kọ́. Àwọn kan kú. Àwọn yòókù sá lọ láìmú agbọ̀n.