Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Ẹ Fi Déètì Sí I

Ọjọ́ tí mo di adelé olórí ẹ̀ka ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, páálí fáìlì kan àti kọ́kọ́rọ́ méjì ni ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kó lé mi lọ́wọ́. Kò tó ìdajì wákàtí tá a fi parí rẹ̀. Ó kí mi kú oríire, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ nípa irè oko ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sórí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ti rán èmi náà lọ sí ìpàdé ìmọ̀ rí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń darí ìpàdé tí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta jókòó sí, tàbí bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́sàn-án juni lọ wí, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, télọ̀ kan kò ní gbé aṣọ oníbàárà lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ máa gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò máa rán bọ́tìnnì, yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá, títí ọjọ́ fúríídọ̀mù yóò fi dé tí ẹbí àti ará yóò péjọ. À ń ṣe èyí fún télọ̀ àti mẹkáníìkì. Mi ò rí ìdí tí a kò fi ní í ṣe é fún ẹni tí a fẹ́ kó darí àwọn olùkọ́.

Mo ṣàṣìṣe púpọ̀. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti fọ́ọ̀mù APER, ìyẹn èyí tí ọ̀gá fi ń jábọ̀ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, fọ́ọ̀mù mọ́kànlá ni mo fi ọ̀sán kan ṣoṣo kọ. “Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa” ni mo kọ sí gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá tó ń mójú tó láàbù wa kan ilẹ̀kùn. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù tiwọn dání.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́rin tí tiransifọ́mà fi bàjẹ́ lóṣù kìíní, ṣé ẹ mọ ibi tí ewé tí àwọn ọmọ ọdún ìparí fẹ́ yẹ̀ wò wà?”

Mo ní, “Ṣebí inú fìríìjì wa ni, sà?”

“Inú fìríìsà ìyá ẹlẹ́ja ní Ọjà Igbó ni.”

Wọ́n ti di ewé náà sínú ọ̀rá ní ìpele méjì, wọ́n kó o sínú kúlà, wọ́n gbé e lórí alùpùpù wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àpò ara wọn ni wọ́n ti san owó fún ìyá náà. Ká ní kò rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta àwọn ọmọ yẹn ì bá ti jẹrà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò le. Wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò ká etí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n á tú u, wọ́n á tún ká a. Wọ́n ní owó kọ́ làwọn wá gbà. Ohun tó dun àwọn ni pé ọ̀rọ̀ márùn-ún tí mo kọ fún àwọn ni mo kọ fún ẹni tí kì í wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ojú tì mí gan-an.

Yin ni yin ni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn: kò sẹ́ni tí kì í pa á lówe láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán la fi ń yinni, ìgbìmọ̀ ìgbéga kì í sì í gbọ́ ohun tá a sọ ní kọ̀rídọ̀. Ohun tó wà nínú fáìlì ni wọ́n ń kà. Bí fáìlì bá dákẹ́, òṣìṣẹ́ náà kò ṣe nǹkan kan lójú wọn nìyẹn.

Ó yẹ kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ti mọ èyí láti ilé. Ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ fún wa ni pé Ògúnlọlá ló bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó sì gbé e lọ fún Aláàfin. “Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́” ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, òun ló di Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò kàn pè é ní akíkanjú kí wọ́n sì fi mọ síbẹ̀. Ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì: ẹni tó mọ̀ ọ́n kì dáadáa a máa dárúkọ iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti ẹni tó jàǹfààní rẹ̀.

Mo gba fọ́ọ̀mù náà padà lọ́wọ́ bàbá, mo tún un kọ. Mo sì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kan, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Díìnì àti sí ọ́fíìsì Rẹ́jísírà kí wọ́n fi sínú fáìlì bàbá náà. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́jọ́ yẹn. Ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, olùkọ́, akọ̀wé, awakọ̀, ìyá tó ń gbálẹ̀. Ohun tí ẹnì kan bá ṣe lónìí, mo máa ń kọ ọ́ kí n tó lọ sílé: “14 oṣù Kẹta, akọ̀wé wa rí i pé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti bọ́ sí ipò ara wọn, ó ké sí mi kí àbájáde tó lọ sí Sẹ́nétì.” Ẹ má fojú fo déètì. Òun ló ń jẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀ pé ẹ kò jókòó ronú kan ìyìn.

Ẹ má dúró de ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, òfin 2012 fi ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ sí ọdún 65, ó fi ti ọ̀jọ̀gbọ́n sí 70. Ìgbà yẹn pẹ́ jù láti gbọ́ pé ẹnì kan rí iṣẹ́ ẹni. Ìyìn kì í sì í ṣe owó oṣù o. Ní 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, kò sí lẹ́tà ìyìn tó lè ra gàrí. Ohun tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, ẹ bá wọn jà fún un.

Ti kíkọ́ ẹlòmíì láti ṣe olórí, ohun tó le jù níbẹ̀ ni kí ọ̀gá kó ọwọ́ kúrò. Mo fi olùkọ́ kékeré kan, obìnrin, ṣe alábòójútó ìdánwò ẹ̀ka. Kò pẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi wá bá mi pé kí n bá àwọn gba máàkì tó ti pẹ́ wọlé, torí pé ọmọ yẹn kọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ wọn ló wà. Ẹ padà sọ́dọ̀ wọn.” Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò fi dáhùn ìkíni mi dáadáa. Ká ní mo gbà á, ipò tí mo fún ọmọ yẹn ti di orúkọ lásán nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, mo ní kó máa darí ìpàdé ẹ̀ka, èmi yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà àkọ́kọ́, ó gbàgbé láti jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Ó wù mí kí n sọ̀rọ̀, mo pa ẹnu mọ́. Inú ọ́fíìsì mi, tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì, ni mo ti sọ fún un. Nígbà kejì, òun ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Òun ló wà lórí àga olórí ẹ̀ka báyìí. Páálí fáìlì àti kọ́kọ́rọ́ ni mo kó fún òun náà, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún méjì mọ ohun tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohun tó kọ nípa awakọ̀ ẹ̀ka ránṣẹ́ sí mi kí n bá òun wò ó. Ó kún ìdajì ojú ewé. Ó kọ bí ọkùnrin náà ṣe gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ara rẹ̀ ò yá lọ sílé ìwòsàn lóru, tó sì dúró tì í títí ìyá ọmọ náà fi dé láti Ìṣẹ́yìn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kó fi kún un: déètì.